Bí Ìbòrí Sípíà Ti Yan Ọkọ̀ Fún Mi

Nínú gbogbo ohun tí ènìyàn ń fi owó ara rẹ̀ rà láyé yìí, n kò tí ì rí èyí tí ó ń tètè sọ àgbàlagbà di ẹni ẹ̀rín tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Nítorí pé bí ènìyàn bá ra aṣọ tí kò bá a lára mu, ó lè ká a sínú àpótí kí ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́, bí ó bá sì kọ́ ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, inú yàrá ni omi náà yóò ti máa kán sí i lórí láìsí ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ra ọkọ̀ tí kò yẹ ẹ́, ìta gbangba ni ọkọ̀ náà yóò máa sùn, ojú gbogbo ayé ni yóò máa kú sí, àwọn ọmọ tí kò tí ì mọ imú fọn yóò sì fi orúkọ ẹni tí ó rà á ṣe orin tí wọn yóò fi máa fa àwọ̀n. Mo mọ ohun tí mo ń wí, nítorí pé wọ́n ti fi tèmi fa àwọ̀n.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ọmọ Ararọ̀mí etí òkun, ọmọ ajífọkọ̀ṣẹsẹ̀, ọmọ arókun-má-sàá, níbi tí ọmọdé ti mọ àjẹ̀ í dì mú kí ó tó mọ gègé í dì mú, tí ó sì jẹ́ pé bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ra ọkọ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ọkọ̀ onípákó tàbí ọkọ̀ onífáíbà tí a so ẹ́ńjìnnì Yamaha mọ́ nídìí. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ní òkè, láàrin àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, kẹ̀kẹ́ ni tíṣà ń gùn. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣíjú àánú wò a ra Volkswagen kékeré tí a ń pè ní ìjàpá. Nígbà tí ó sì di 1975, tí ilé iṣẹ́ Volkswagen ní ọ̀nà Àgbádárìgì àti ti Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ ní ilẹ̀ wa, àwọn ọ̀gá ilé ìwé gíga bọ́ sínú Peugeot 504, èmi sì ń wọ bọ̀lẹ̀kájà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí ìjọba sì san owó tí ó tọ́ sí mi lẹ́yìn ìdúró tí ó sọ irun mi di funfun, mo pinnu pé bí ayé bá ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, n kò ní kú kí n má gun jíìpù. Ibi tí jíìpù náà yóò máa gbà rìn, n kò bi ara mi léèrè.

Owó tí ó wà lọ́wọ́ mi ni ó bá mi yan àwọn méjì tí mo lè fi ojú sí lára. Ọ̀kan ni Toyota RAV4, èkejì ni Honda CR-V. Tòkunbọ̀ ni àwọn méjèèjì, ọjà Amẹ́ríkà ni a ṣe wọ́n fún ní 2008, bẹntiróòlù ni wọ́n ń mu, iye tí a sì ń pè wọ́n kò fi ju owó táyà kan lọ yàtọ̀ síra. Jàpáànù ni orírun wọn: 1994 ni Toyota kọ́kọ́ gbé RAV4 jáde, Honda kò sì jẹ́ kí ọdún náà jìnnà kí ó tó gbé CR-V tirẹ̀ jáde ní 1995, láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì sì ti ń ṣe orogún káàkiri àgbáyé. Bí ènìyàn bá wọ ọgbà àwọn tí ń ta ọkọ̀ ní Èkó, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni yóò ti bá wọn, tí a fi omi ọṣẹ wẹ̀ wọ́n, tí a fi òróró kun táyà wọn, olùtajà yóò sì dúró láàrin wọn, yóò máa kì wọ́n bí ọwọ́ oníbàárà bá ṣe tọ́ka sí. Bí mo bá wo ọ̀tún, yóò ní: “Bàbá, RAV4 ọmọ Toyota rèé, arìnnà-má-rojọ́, abẹ́kọ̀ọ́rìn-má-kọsẹ̀, ẹni tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kún ọjà Ládìípọ̀ títí dé ojúde bàbá yín!” Bí mo bá sì yíjú sí òsì, kò ní jẹ́ kí ohùn rẹ̀ já: “CR-V ọmọ Honda nìyẹn, arọra-gbọ̀nà, ajókòó-inú-rẹ̀-gbàgbé-ilé, ẹni tí ń kọjá tí àwọn tí ń sùn kò gbọ́!” Èmi tí n kò rí ẹni kì mí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ìwé, mo gbà pé èmi ni ó ń kì.

Nítorí pé ìwé àti gègé ni mo fi jẹun, mo ra ìwé àjákọ kan, mo fa ìlà sí àárín ojú ewé rẹ̀, mo kọ RAV4 sí ọ̀tún, mo kọ CR-V sí òsì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní máàkì gẹ́gẹ́ bí mo ti ń fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà. Ẹ́ńjìnnì RAV4 jẹ́ lítà 2.4, ti CR-V jẹ́ lítà 2.4. Agbára RAV4 tó ti ẹṣin 166, ti CR-V tó ti ẹṣin 166. Táńkì ti àkọ́kọ́ ń gba bíi lítà 60, ti èkejì ń gba bíi 58. Jíà RAV4 jẹ́ mẹ́rin, ti CR-V jẹ́ márùn-ún. Ìdí àwọn méjèèjì fi bíi íǹṣì 7 àti díẹ̀ ga sí ilẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń mu epo kò ní ìyàtọ̀ tí ó tó kí ọkùnrin méjì tìtorí rẹ̀ jiyàn. Bí a bá rí ọmọ méjì tí èsì ìdánwò wọn rí báyìí ní kíláàsì mi, ohun tí mo máa ń rò ni pé ọ̀kan wo iṣẹ́ èkejì. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Mo kọ òwe náà sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, mo fa ìlà pupa sí i nídìí nítorí pé ó dùn mọ́ mi, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé iṣẹ́ ni àwọn àgbà ń rán mi, pé kí n dọ̀bálẹ̀ kí n wo inú alángbá.

Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bi gbogbo ènìyàn léèrè yóò dúró sí oríta títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mẹkáníìkì kan ní Òkìtìpupa ní kí n ra Toyota, nítorí pé òru ni, ọ̀sán ni, kò sí abúlé tí a kò ti ní rí ẹni tí ó lè tú u. Nígbà tí mo sì bi í pé ta ni yóò tún un tò, ó ní ìyẹn wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mẹkáníìkì kejì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti àkọ́kọ́, ní Honda ni ọkọ̀ ọmọlúàbí, pé àwọn tí ń gun Toyota kò mọ̀ pé ó yẹ kí ìdí máa sinmi. Àbúrò ìyàwó mi tí ó ń gbé Èkó ní kí n má da àwọn méjèèjì lóhùn, kí n wo nọ́ńbà tí ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, pé èyí tí lẹ́tà J bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Jàpáànù gan-an ni a ti ṣe é. Alàgbà ìjọ wa gba àdúrà. Apẹja àgbàlagbà kan ní Ararọ̀mí, ẹni tí ó ti fi òkun ṣe oko láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti là, ni ó bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí: “Tíṣà, nínú àwọn méjèèjì tí ẹ ń wí yìí, èwo ni ó mọ iyanrìn í rìn?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, jíìpù ni wọ́n,” mo sì bá ọ̀rọ̀ mi lọ, bí ẹni pé orúkọ jíìpù ti parí ẹjọ́. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi tí mo rin ìrìn jíjìn láti wá ìmọ̀, ìloro ilé mi ni mo ti fi ẹsẹ̀ gbá a dànù.

Ní ọjọ́ tí a lọ náwó, èmi àti ìyàwó mi ni a jọ lọ. Olùtajà náà jókòó sí abẹ́ agboòrùn, ó ń fi ìyẹ́ adìẹ họ etí, èmi sì rò pé ọgbọ́n wà ní ilẹ̀ tí mo lè dá. Mo fi èdè Ìlàjẹ bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀, kì í ṣe ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo sọ ọ́ sókè dáadáa, nítorí pé mo gbà pé láti Orè lọ sókè kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ. Mo sọ iye tí ó wà nínú báàgì rẹ̀ fún un. Mo sọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí n óò dé bí ojú bá pọ́n mi. Mo sọ fún un pé kí ó fajú ro, kí ó sì máa fà mí láṣọ pé kí á máa lọ. Bí ẹni pé èyí kò tó, mo fi kún un pé orí olùtajà náà jọ ti ẹja ọ̀bọ̀kún. Ọkùnrin náà yọ ìyẹ́ adìẹ kúrò ní etí, ó sì fi èdè Ìlàjẹ tí ó mọ́ ju tèmi lọ kí wa káàbọ̀: ó ní Ùgbònlá ni ìyá òun ti bí òun, pé òun dúpẹ́ fún oríkì orí òun, àti pé níwọ̀n ìgbà tí owó ti wà nínú báàgì ìyá, ọ̀bọ̀kún kò ní í yọ kọ́bọ̀ kan. Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Kò sì yọ kọ́bọ̀ lóòótọ́, àfi omi inú ọ̀rá méjì tí ó fún wa mu kí ara wa lè balẹ̀ tí a ó fi ka owó náà.

Ó wá ku èwo nínú méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ̀ wọ́n, ẹ óò rántí pé ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni RAV4 ti àkókò náà ń gbé sípíà rẹ̀ kọ́, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà sì ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́, nígbà tí CR-V tirẹ̀ ń fi sípíà pamọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ bọ́ọ̀tù, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè. Ìbòrí kan wà lára sípíà RAV4 yìí, aláwọ̀ dúdú tí ń dán, tí ẹnì kan ti ya òkè gíga àti igi sí lára, tí a sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ 4x4 sí àárín rẹ̀. Ojú mi kò kúrò lára ìbòrí yìí mọ́. Mo rí ara mi nínú ọkọ̀ náà tí mo ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òkè kan ní gbogbo ilẹ̀ Ìlàjẹ. Mo dúró, mo ṣàlàyé fún ìyàwó mi bí sípíà tí ó wà níta ṣe fi ìgboyà hàn, bí èyí tí a gbé pamọ́ ṣe fi ìfòyà hàn, bí ilẹ̀kùn tí ó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ ṣe bọ̀wọ̀ fún àgbà ju èyí tí ó ń ṣí sókè lọ. Ó gbọ́ mi tán, ó ní: “Bàbá wọn, ṣé sípíà ni a wá rà ni, àbí mọ́tò?” N kò dá a lóhùn. Ohun tí ó wuni ní ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Mo sanwó, mo ra ìbòrí sípíà, wọ́n sì fi jíìpù kan ṣe ènì fún mi.

Láti Èkó dé Orè, láti Orè dé Òkìtìpupa, láti Òkìtìpupa dé Ìgbókòdá, n kò ní ẹ̀sùn kankan sí ọkọ̀ náà. Ìgbókòdá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ibẹ̀ sì ni mo gbé jíìpù sí lọ́dọ̀ ẹni tí mo mọ̀, tí mo ń san owó oṣù fún un kí àwọn ọmọdé má baà máa fi ìka kọ̀wé sí eruku ara rẹ̀. Nígbà náà ni ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í là díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gun jíìpù mi, n óò kọ́kọ́ ra bẹntiróòlù sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé mi lọ bá a, n óò sì tún ra bẹntiróòlù sí jíìpù kí n tó lè jáde. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ pé agbègbè Ararọ̀mí gan-an ni a ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá epo rọ̀bì ní ilẹ̀ Nàìjíríà, nígbà tí ilé iṣẹ́ àwọn Jámánì kan, Nigerian Bitumen Corporation, dé síbẹ̀ ní 1908, kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó lé wọn lọ ní 1914; ó di 1956 kí Shell tó rí èyí tí ó tó tà, ní Oloibiri tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Bayelsa òde òní. Èmi ọmọ ibi tí a ti kọ́kọ́ wá epo, inú kẹ́ẹ̀gì ni mo ń gbà bu tèmi; nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì kéde ní ìparí oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan tí kò tó 200 náírà fò sókè kọjá 500 láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó sì kọjá 1,000 kí 2024 tó parí. Mo wá di ẹni tí ń san owó epo lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lè fojú kan ohun ìní rẹ̀.

Bí mo bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ǹ bá fi í mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹnu ara mi jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ìjọ pé ní ọjọ́ ìkórè, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Ararọ̀mí ni n óò ti sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù. Mo ní kí fọganáísà fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n le gbandi, nítorí pé mo rò pé ohun tí ó bá le ni kì í rì. Mo gba ọ̀nà tí títì ti tán mọ́ni lọ́wọ́, tí iyanrìn ti gbà á, mo sì jáde sí etí òkun ní àárọ̀, nígbà tí òkun fà sẹ́yìn, tí ó fi iyanrìn tútù sílẹ̀ tí ó le tí ó sì tẹ́jú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìrìn náà dùn! Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé mi, àwọn obìnrin tí ń yan ẹja dìde dúró, mo na ọwọ́ kan síta, mo ń kí ènìyàn. Ìgbà tí mo rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lókè, ni mo yí sitíarìn kúrò lórí iyanrìn tútù, mo kọrí sí iyanrìn gbígbẹ. Ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó sì dúró.

Mo tẹ iná mọ́ ọn. Táyà iwájú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò, iyanrìn ń fò sí gbogbo ẹni tí ó wá wòran; àwọn táyà ẹ̀yìn dúró jẹ́jẹ́, àwọn náà ń wòran. Mo rí i pé wọn kò yí, mo sì rò pé wọ́n ń gba agbára jọ ni. Bí mo bá ti tẹ iná sí i ni imú ọkọ̀ ń wọlẹ̀ sí i, títí bọ́ḿpà fi jókòó lórí ilẹ̀. Òṣùpá sì ti ràn mọ́jú ní òru tí ó ṣáájú, tí ó jẹ́ pé gbogbo apẹja mọ̀ pé omi ọjọ́ náà yóò kún ju ti ọjọ́ mìíràn lọ. Èmi nìkan ni mo ń fi káléńdà ìjọ ka ọjọ́. Nígbà tí n óò fi bojú wẹ̀yìn, òkun ti ń padà bọ̀. Òkun tí kò bọ̀wọ̀ fún Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí ó ń gbé ilé àti ilé ìsìn wọn mì títí di òní, ṣé jíìpù tòkunbọ̀ ni yóò wá bọ̀wọ̀ fún? Òkun kì í hó ruuru kí a wà á ruuru, àmọ́ ẹni tí ó pa òwe yìí, ọkọ̀ onípákó ni ó ní lọ́kàn.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń fa àwọ̀n lápá ibòmíràn rí mi, wọ́n ju okùn àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n sì sáré wá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé so okùn mọ́ ohun tí ó rí pé ó yọ síta jù lọ, èyíinì ni sípíà mi. Wọ́n gbé orin sẹ́nu, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan náà, sípíà àti ìbòrí rẹ̀ tú jáde, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wọ́. Ìgboyà tí mo fi owó rà ni ó kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀. Apẹja àgbàlagbà tí mo fi ìbéèrè rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà kan ni ó wá dé tí ó ní kí wọ́n dúró. Kò bá mi wí. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú, ó fi àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tú ìdérí rọ́bà kékeré tí ó bo ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn, ó fi sí ẹnu rẹ̀ kí ó má baà sọnù sínú iyanrìn, ó wá mú abẹ́rẹ́ tí ó fi ń pa àwọ̀n, ó fi imú rẹ̀ tẹ irin tín-ín-rín tí ó wà láàrin. Atẹ́gùn ń sú jáde, bàbá náà sì fi àtẹ́lẹwọ́ kejì lé ikùn táyà, ó ń fọwọ́ gbọ́ ọ, títí ikùn náà fi tẹ́ sórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀. Nígbà náà ni ó bọ́ sí ìkejì. Nígbà tí ó yọ ìdérí kúrò lẹ́nu, ó ní: “Tíṣà, ohun tí ó bá le ní ń rì. Ẹ wo ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ.” Wọ́n kó iyanrìn kúrò níwájú táyà, wọ́n tẹ́ imọ̀ àgbọn sí i, wọ́n so okùn mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀ tí a ṣe fún okùn, omi sì ti ń fọ ẹsẹ̀ wa nígbà tí jíìpù fi ìdí jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní, “Bàbá Tíṣà, èló ni kílò ẹja yìí?” Láti ọjọ́ náà ni orin ti wà.

Ìkórè ọjọ́ náà kò bójú mu fún àpò mi. Ẹja tí àwọn ọmọ náà ìbá rí kó ti bá ibi tí wọ́n ju okùn sílẹ̀ jáde, mo sì san owó rẹ̀. Mo san owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn tí wọ́n fa okùn, mo tún san ti àwọn tí wọ́n kàn kọrin. Ìyàwó mi wọ aṣọ ìkórè rẹ̀ wá, ó wo ilẹ̀kùn tí ó wọ́, ó wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan, ó gbé ìbòrí sípíà náà lọ sílé. Ẹja ni ó ń sá lórí rẹ̀ títí di òní, ó sì ń gba ẹja dáadáa.

Ní Òkìtìpupa, mẹkáníìkì gbé jáàkì sí abẹ́ ọkọ̀ náà, ó sì ní kí n wá wo nǹkan. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí mi. Ó fi tọ́ọ̀ṣì tọ́ka sí abẹ́ ìdí ọkọ̀: bí ó bá jẹ́ pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí, ṣáàfù gígùn kan ni à bá rí tí ó ti iwájú wá sí ẹ̀yìn, àti irin rìbìtì kan láàrin táyà ẹ̀yìn méjèèjì tí ń pín agbára fún wọn, nínú ọkọ̀ sì ni bọ́tìnnì kan ìbá wà tí a kọ LOCK sí, tí a ń tẹ̀ bí ilẹ̀ bá rọ̀. Kò sí ṣáàfù, kò sí rìbìtì, kò sí bọ́tìnnì. “Bàbá Tíṣà,” ni ó wí, “iwájú nìkan ni èyí fi ń wọ́ ara rẹ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀yin ra oríṣi ti títì.” Mo ní, ṣùgbọ́n wọ́n kọ 4x4 sí i. Ó ní ọjà ni wọ́n ti ń ta ìbòrí, pé bí mo bá fẹ́, òun lè bá mi rí èyí tí wọ́n ya kìnnìún sí. Kò sí ẹni tí ó purọ́ fún mi nínú ọ̀ràn yìí. Olùtajà kì mí ní oríkì, n kò bi í léèrè ṣáàfù. Ìwé àjákọ mi kún fún iye ẹṣin, kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tí ó béèrè iye táyà tí àwọn ẹṣin náà ń fà. Iyọ̀ òkun sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀: nítorí pé n kò fi omi tútù fọ abẹ́ ọkọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, ìpẹtà ti mú irin búrẹ́kì àti gbogbo nọ́ọ̀tì, mẹkáníìkì sì ń fi òòlù bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ óò rò pé CR-V ni ìbá yọ mí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, mo sì fi àbámọ̀ náà pa ara mi lóru, títí di ìgbà tí ará ilé kejì wa, ẹni tí ó ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà tó, tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ lọ ra CR-V kí ó lè fi hàn pé òun gbọ́n jù mí lọ, gbé tirẹ̀ wá sí etí òkun nígbà ọdún Kérésìmesì. Iyanrìn kan náà ni. Ti iwájú rẹ̀ gbẹ́ ihò, ti ẹ̀yìn rẹ̀ wòran, nítorí pé ọ̀nà méjì ni Honda náà ń gbà ṣe CR-V, oríṣi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí iwájú bá yọ̀, àti oríṣi tí iwájú nìkan ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà sì ra ti iwájú nìkan, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ ni ó wù ú. Àwọn ọmọ afàwọ̀n ti dá iye tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n kọ́kọ́ gba owó, kí wọ́n tó gbé orin.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá dúró láàrin ọkọ̀ méjì tí iye wọn bára dọ́gba, mo fi ẹnu ẹni tí ó ti jẹ ìyà rẹ̀ bẹ̀ yín: ẹ má fi ọjọ́ yín wá ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn, nítorí pé bí ìyàtọ̀ gidi kò bá sí, ojú yóò dá èyí tí ó wù ú sílẹ̀, ìbáà ṣe ìbòrí táyà. Ohun tí àwọn méjèèjì kò ní ni kí ẹ wá. Ẹ kọ́kọ́ bi ilẹ̀ tí ọkọ̀ yóò rìn léèrè, kí ẹ tó bi olùtajà. Ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ wo inú alángbá. Ìdọ̀bálẹ̀ lọ́jà dára ju ìdọ̀bálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lọ. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ wọ iyanrìn, ẹ dín atẹ́gùn táyà kù, ẹ má tẹ iná, kí ẹ sì fi omi tútù fọ abẹ́ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní tèmi, mo ti ta RAV4 náà fún tíṣà kan ní Àkúrẹ́, níbi tí títì wà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì ń gbádùn rẹ̀ gidigidi. Owó rẹ̀ ni mo fi ra ọkọ̀ onífáíbà àti ẹ́ńjìnnì Yamaha ẹlẹ́ṣin 40. Apẹja àgbàlagbà náà ni ó bá mi yàn án. Kò ní sípíà.